Kọnkéré Tó Jóná: Ohun Tí Òòlù Kò Lè Sọ

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àfi bíi pé torí àwọn láńdìlọ́ọ̀dù wa ni wọ́n ṣe pa òwe náà. Iná á jó ilé ìtajà alájà mẹ́ta mọ́jú. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, bíríkìlà ti ń po símẹ́ńtì nídìí rẹ̀. Ẹnìkan á fi òòlù gbá òpó, á dún ko-ko-ko, wọ́n á ní ara rẹ̀ ṣì le. Wọ́n á rẹ́ ẹ, wọ́n á kùn ún lọ́dà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ilé.

Ilé àyẹ̀wò ohun èlò ìkọ́lé ló yẹ kó ṣáájú bíríkìlà débẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní tirẹ̀. Àwọn yunifásítì tó ń kọ́ni níṣẹ́ ẹnjiníà náà ní. Ìgbà tí ilé bá wó la sábà máa ń gbúròó wọn.

Agbára méjì ni kọnkéré ní. Ó ń gbé ẹrù, èyí ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Ó tún ń kọ ìfàya díẹ̀, bí ẹrù bá fẹ́ fà á tú, ṣùgbọ́n èyí kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi irin sínú bíìmù àti dẹ́kìn. Bẹ́ẹ̀ irin náà kò wúlò bí kọnkéré tó yí i ká kò bá dì í mú, agbára kékeré yìí sì ni ìdìmú ọ̀hún gbójú lé.

Òun gan-an ni iná kọ́kọ́ ń mú lọ. Nínú ìlànà tí àwọn ẹnjiníà Yúróòpù ń lò, bí kọnkéré olókùúta bíi gíránáìtì bá gbóná dé 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdá 85 nínú 100 agbára ìgbẹ́rù rẹ̀ ṣì kù. Ti ìfàya ti já sí 60. Tó bá di 600, ti ìgbẹ́rù ku 45. Ti ìfàya ńkọ́? Òdo.

Símẹ́ńtì ń súnkì nínú ooru, òkúta inú rẹ̀ ń wú. Tó bá di 573, quartz tó wà nínú yanrìn àti gíránáìtì á wú lójijì. Ìlà tó tín-ín-rín ju irun lọ á gba inú kọnkéré kọjá. Bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́, ìlà náà á padé. Bí ó bá fà á, á là. Ibẹ̀ ni òòlù ti ń purọ́. Iná á tiẹ̀ ti kú tán, ẹfun tó ti jóná nínú símẹ́ńtì á máa fa ọ̀rinrin, á máa wú, òpó á sì máa bàjẹ́ sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń fa kọnkéré ya? Wọ́n á fi ẹ̀rọ gbẹ́ kọnkéré róbótó jáde lára òpó, wọ́n á dá a dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀, pẹ́lẹ́ńbẹ́ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lókè, òmíràn nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ á máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi là sí méjì lóòró bí obì gbànja. Ìwọ̀n ẹrù tó là á ni wọ́n fi ń ṣírò agbára ìfàya.

Ọmọ Bràsíl, Lobo Carneiro, ló gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀ lọ́dún 1943. Ní Rio de Janeiro, wọ́n fẹ́ yí ṣọ́ọ̀ṣì São Pedro dos Clérigos kúrò lójú ọ̀nà Avenida Presidente Vargas lórí àwọn kọnkéré róbótó. Ó dán irú wọn wò, ó rí bí wọ́n ṣe ń là. Wọ́n padà wó ṣọ́ọ̀ṣì náà ni. Àyẹ̀wò rẹ̀ ló kù, tí gbogbo ayé ń fi orúkọ Bràsíl pè.

Nílé wa níbí, Ilé Kòkó n'Íbàdàn jó ní oṣù kìíní ọdún 1985, ọdún 1992 ni wọ́n tó tún un ṣí. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àwọ̀ kọnkéré pàápàá ń sọ̀rọ̀: ó sábà máa ń pọ́n díẹ̀ láti nǹkan bí 300, ó sì ń di eléérú lẹ́yìn 600. Ẹni tó bá ti kun ilé lọ́dà ti pa ẹlẹ́rìí yẹn lẹ́nu mọ́.

Nínú ilé àyẹ̀wò, wọ́n á gbé àbọ̀ méjèèjì kọnkéré tó là sínú ìmọ́lẹ̀, wọ́n á wo ibi tí símẹ́ńtì ti jáwọ́ lára òkúta, wọ́n á kọ nọ́ńbà òpó tó ti wá sí i lára. Láńdìlọ́ọ̀dù á ti máa pè lórí fóònù pé ìgbà wo ni bíríkìlà lè bẹ̀rẹ̀.