TÁYÀ ỌKỌ̀ AKẸ́RÙ WA: ÌGBÀ WO NI KÍ A PÀÀRỌ̀ RẸ̀, ÈWO NI KÍ A SÌ RÀ?

 

Ìbéèrè kan ti wọ ọ́fíìsì wa ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín oṣù méjì yìí láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ní ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, táyà mi ṣì ní ojú dáadáa. Kí ló dé tí fọkanáísà ń sọ pé kí n bọ́ ọ dànù? Àbí ó kàn fẹ́ ta ọjà fún mi ni?" Àwọn mìíràn ní àwọn gbà pé táyà àwọn ti gbó, ṣùgbọ́n owó kò tó, ṣé kí àwọn ra tuntun ni tàbí kí àwọn ra tòkunbọ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọlọ́kọ̀ nìkan. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tí ń kó ẹrù wa láti oko wá sí Bódìjà àti Máìlì 12, owó ẹgbẹ́ ni a fi rà á, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló sì ṣe onídùúró fún ẹni tí ó yá owó náà. Bí táyà ẹ̀yìn bá bẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀, tí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ̀mí ènìyàn ni ohun àkọ́kọ́ tó wà nínú ewu. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹrù oníṣòwò tó dà nù, ọkọ̀ tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, àti gbèsè tí yóò já lé àwọn onídùúró léjìká. Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Ẹ jẹ́ kí a tètè mú olè yìí.

OJÚ TÁYÀ NÌKAN KỌ́ NI Ẹ̀RÍ

Ó ṣeé ṣe kí fọkanáísà yẹn jàre. Ọ̀nà mẹ́ta ni táyà ń gbà gbó: ojú rẹ̀ lè jẹ tán, rọ́bà rẹ̀ lè darúgbó, inú rẹ̀ sì lè já nítorí ẹrù àti kòtò ọ̀nà. Èkíní nìkan ni púpọ̀ nínú wa máa ń wò.

1. OJÚ TÓ JẸ. Bí ẹ bá wo inú ihò tó la ojú táyà kọjá, ẹ ó rí àwọn òkè kéékèèké tó dábùú ihò náà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà ló fi wọ́n síbẹ̀. Lẹ́tà TWI tàbí àmì ọfà kékeré ní ẹ̀gbẹ́ táyà máa ń júwe ibi tí wọ́n wà. Bí ojú táyà bá ti jẹ dé ọgbọọgba pẹ̀lú òkè yìí, ìwọ̀n mìlímítà 1.6 péré ló kù. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ibẹ̀ ni òfin sọ pé táyà ti tán.

Ẹ má dúró dé ibẹ̀ bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn ihò yìí ni láti fa omi kúrò lábẹ́ táyà. Bí wọn kò bá jìn mọ́, táyà á léfòó lórí omi, bíréèkì kò ní mú, yíyí ọwọ́ ọkọ̀ kò sì ní ràn án. Ẹ ki igi ìṣáná bọ inú ihò náà, ẹ fi èékánná sàmì sí ibi tó dé, kí ẹ gbé e lé rúlà àwọn ọmọ iléèwé. Bí kò bá tó mìlímítà 3, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó táyà nìyẹn.

Ẹ wo bí ó ṣe jẹ pẹ̀lú. Bí àárín nìkan ló jẹ, afẹ́fẹ́ ti ń pọ̀ jù. Bí etí méjèèjì ló jẹ, afẹ́fẹ́ kò tó. Bí etí kan ṣoṣo ló jẹ, ẹ gbé ọkọ̀ lọ fún aláínmẹ́ǹtì. Bí ó bá jẹ ní kókó-kókó, ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹni tó bá ra táyà tuntun tí kò tún ohun tó ba ti àkọ́kọ́ jẹ́ ṣe, omi inú ajere ló ń pọn.

2. ỌJỌ́ ORÍ. Rọ́bà ń darúgbó bí a kò tilẹ̀ lò ó. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń mú un gan, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Láti mọ ọjọ́ orí táyà, ẹ wá lẹ́tà DOT ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ lé e títí dé nọ́ńbà 4 tó gbẹ̀yìn. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó tẹ̀ lé e ni ọdún. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá rí 0522, ọ̀sẹ̀ karùn-ún ọdún 2022 ni. Bí nọ́ńbà mẹ́ta péré bá wà níbẹ̀, ẹ má nawọ́ sí i rárá, nítorí pé ó ti wà kí ọdún 2000 tó dé. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni nọ́ńbà yìí sábà máa ń wà. Bí ẹ kò bá rí i níta, ẹ tẹ́ àpò sílẹ̀ kí ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wò ó.

Ọdún mélòó ló wá pọ̀ jù? Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, ọdún 4 láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é ni Àjọ SON àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC máa ń pe ìlú sí. Ilé iṣẹ́ Michelin ní tiwọn sọ pé lẹ́yìn ọdún 5 tí a ti ń lò ó, kí a máa gbé e fún ẹni tó mọṣẹ́ yẹ̀ wò lọ́dọọdún, kí a sì bọ́ ọ dànù ní ọdún 10 bó ti wù kí ojú rẹ̀ dára tó. Ẹ má jẹ́ kí ìyàtọ̀ yìí dà yín láàmú. Ọkọ̀ tí ń gbé ẹrù lójoojúmọ́, nínú oòrùn wa àti lórí kòtò wa, ọdún 4 ni kí ó fi ṣe òṣùwọ̀n.

3. INÚ TÓ JÁ. Bí ẹ bá rí ibi tó wú bíi kókó ní ẹ̀gbẹ́ táyà, okùn inú rẹ̀ ti já, rọ́bà lásán ló ń dá afẹ́fẹ́ dúró níbẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ bọ́ ọ. Ẹ má sọ pé kí ẹ kọ́kọ́ fi ná ọjà kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí wáyà bá ti yọjú, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná ń wọlé. Ihò ìṣó lójú táyà ṣeé dí. Ihò ní ẹ̀gbẹ́ kò ṣeé dí, ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun lè lẹ̀ ẹ́ ń fi yín tafà ni. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń fi irin gbígbóná gbẹ́ ihò tuntun sójú táyà tó ti pá. Ìyẹn kò sọ ọ́ di tuntun o. Ṣe ni wọ́n ń gbẹ́ rọ́bà kékeré tó bo wáyà dànù.

Ẹ má gbàgbé sípíà. Ọ̀pọ̀ sípíà ló dàgbà ju ọkọ̀ tó gbé e lọ.

AFẸ́FẸ́ ṢE PÀTÀKÌ

Ooru ló ń bẹ́ táyà jù, àìtó afẹ́fẹ́ ló sì ń fa ooru. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀, á máa nà, bí ẹni ń tẹ wáyà síwá sẹ́yìn títí tó fi gbóná tó sì dá. Nítorí náà, àárọ̀ kùtùkùtù, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí ẹ ti wọn afẹ́fẹ́ pẹ̀lú géèjì. Iye tí ó yẹ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ti ìgbà tí ọkọ̀ bá gbẹ́rù máa ń ju ti òfìfo lọ. Àwọn awakọ̀ kan máa ń jò afẹ́fẹ́ dànù lọ́sàn-án nítorí pé táyà gbóná. Kò dára bẹ́ẹ̀. Gbígbóná ló mú kí géèjì lọ sókè. Bí ó bá tutù tán, kò ní tó mọ́.

KÍ NI KÍ A RÀ?

Ìwọ̀n tó wà lára bébà ẹnu ilẹ̀kùn ni kí ẹ rà. Ṣùgbọ́n bíba rímù mu nìkan kò tó. Ẹ wò ó bóyá táyà náà lè gbé ẹrù yín. Ibí ni púpọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà, nítorí pé táyà mọ́tò kékeré kò wọ́n tó táyà akẹ́rù, ó sì lè wọ rímù kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ. Táyà 195R14C 8PR, tí 106/104 wà lára rẹ̀, táyà akẹ́rù ni. Lẹ́tà C yẹn ló sọ bẹ́ẹ̀. 106 túmọ̀ sí pé ẹyọ kan lè gbé kílò 950. 104, ìyẹn kílò 900, wà fún ibi tí táyà méjì bá so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Táyà mọ́tò kékeré 195/70R14 tó ní nọ́ńbà 91 náà ń wọ rímù 14, ṣùgbọ́n kílò 615 ni ẹyọ rẹ̀ lè gbé.

Ká ní píkọ́ọ̀pù yín wọn kílò 1,300 ní òfìfo. Ẹ kó àpò sìmẹ́ńtì 20 sí i: 50 lọ́nà 20 jẹ́ kílò 1,000. Awakọ̀ àti ọmọ ọkọ̀ jẹ́ kílò 150. Gbogbo rẹ̀ di 2,450. Táyà kékeré mẹ́rin á gbé 2,460, ẹ ó sì rò pé ó tó. Kò tó o! Ẹ̀yìn ni ẹrù wà. Bí ẹ̀yìn bá gbé 1,500 nínú rẹ̀, táyà kékeré méjì ẹ̀yìn kò lè gbé ju 1,230 lọ. Ẹ ti fi kílò 270 lé e lórí kí ẹ tó dé kòtò àkọ́kọ́. Táyà akẹ́rù méjì á gbé 1,900, ara á sì tù ú. Nítorí náà, ẹ wo nọ́ńbà ẹrù yìí kí ẹ tó bèèrè owó.

Ní ti tòkunbọ̀, òfin kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Táyà àlòkù wà lára ọjà tí ìjọba àpapọ̀ kà léèwọ̀ láti kó wọlé, àfi ti ọkọ̀ ńláńlá tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 11.00 x 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a fẹ́ tún ojú rẹ̀ ṣe. Ti píkọ́ọ̀pù kò sí nínú àyè yẹn. Yàtọ̀ sí òfin, ẹ kò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ti bọ́ ọ dànù ní ìlú tirẹ̀ nítorí ọjọ́ orí tàbí nítorí àbùkù, kí ó tó gun ọkọ̀ ojú omi wá bá wa.

Tuntun náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Michelin ti ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní ọdún 2007, Dunlop sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní ọdún 2008. Láti ìgbà náà, òkèèrè ni púpọ̀ jù lọ táyà wa ti ń wá. Àwọn oníwàyó kan máa ń ki táyà kékeré bọ inú ńlá, nígbà mìíràn mẹ́ta sínú ẹyọ kan, kí ọ̀pọ̀ lè gba inú kòǹténà. Wáyà etí rẹ̀ á ti wọ́ kí ó tó dé ọjà. Àjọ SON ti gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò nígbà púpọ̀. Ẹ fi ọwọ́ pa etí táyà yíká. Bí ó bá wọ́, tí ó ní ojú ẹ̀ṣẹ́, tàbí tí kò lè dá dúró ní yíyípo rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Ẹ ka DOT rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, nítorí pé táyà lè ti lo ọdún 3 nínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ sì gba rìsíìtì.

Bí owó méjì péré bá wà, ẹ̀yìn ni kí ẹ de tuntun méjèèjì mọ́. Mo mọ̀ pé iwájú ni àwọn awakọ̀ fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n bí iwájú bá yọ̀, awakọ̀ á mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, á sì rọra dẹ ẹsẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, ìdí ọkọ̀ á yí wá síwájú kí ó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ má so oríṣi méjì mọ́ ẹsẹ̀ kan náà.

ÌṢIRÒ OWÓ

Mo gbọ́ tí ẹ ń sọ pé, "Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ dùn, owó ńkọ́?" Òótọ́ ni, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò. Ká ní tòkunbọ̀ jẹ́ ìdajì owó tuntun, kí ó sì lo oṣù 9. Kí tuntun lo oṣù 30. Kí oṣù 30 tó pé, ẹ ó ti ra tòkunbọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìdajì lọ́nà mẹ́rin, owó tuntun méjì nìyẹn, láìka owó fọkanáísà àti ọjà tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ fi iye tiyín sínú ìṣirò náà, kí ẹ wo ohun tí yóò bá yín sọ.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni pé kí a má dúró di ọjọ́ tí táyà bá bẹ́. Ẹ bèèrè iye táyà mẹ́rin, kí ẹ pín in sí oṣù 30, kí ẹ máa yọ ọ́ sọ́tọ̀ lóṣooṣù pẹ̀lú owó àjẹṣẹ́kù yín. Owó táyà kì í ṣe èrè. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ mọ́ èrè, olówó-orí rẹ̀ ló ń jẹ.

Kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó dé, kí gbogbo ọlọ́kọ̀ kọ nọ́ńbà DOT táyà márààrún wá, pẹ̀lú ìwọ̀n àti nọ́ńbà ẹrù rẹ̀. Bí a bá rí i pé ọ̀pọ̀ ń wá ìwọ̀n kan náà, ìgbìmọ̀ á jíròrò bóyá kí a lọ rà á pa pọ̀ lójú kan, kí a lè ná an dáadáa. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ kò ní ọkọ̀, ẹ má tijú láti wo táyà ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ di ẹrù lé. Ẹrù yín ni, ẹ̀mí yín sì ni.

Ire o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́