Ògbufọ̀ Láàárín Òtútù àti Ìmọ́lẹ̀

Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì dá Michel Devoret, ọmọ ilẹ̀ Faransé, lọ́lá lọ́dún 2025 pẹ̀lú John Clarke àti John Martinis, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà, ní 1984 àti 1985 ni wọ́n ń yìn. Wọ́n fi hàn pé ẹ̀rọ iná mànàmáná tí ó tóbi tó ohun tí a lè fọwọ́ mú a máa tẹ̀lé òfin kúáńtọ́ọ̀mù, òfin tí a mọ̀ mọ́ àwọn ohun tí ojú kò lè rí.

Láti inú irú iṣẹ́ yìí ni ọ̀wọ́ kan nínú kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù òde òní ti jáde. Irin tí kì í dènà iná bí ó bá tutù tán ni wọ́n fi ṣe é, òtútù ọ̀hún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n 273 nísàlẹ̀ òdo. Ooru ni ọyẹ́ Ṣábẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀! Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amúǹkantutù kan kò lè gba ohun gbogbo. Bí a bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà yìí dàgbà, àfi kí a so púpọ̀ wọn pọ̀.

Níbẹ̀ ni wàhálà wà. Ìgbì máíkírówéfù, ìbátan ìgbì tẹlifóònù alágbèéká, ni èdè wọn, ooru yàrá lásán sì tó láti bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ETH Zürich, ní Súwísálandì, wọ́n fi ọ̀pá tútù gígùn mítà 30 so méjì pọ̀. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2023. Ta ni yóò wá ri ọ̀pá bẹ́ẹ̀ láti Àjàṣẹ́ dé Kétu?

Ìmọ́lẹ̀ kò bèèrè òtútù. Inú okùn dígí tínrín ló ń gbà, bí ó ti ń gba inú okùn SAT-3 abẹ́ òkun gúnlẹ̀ sí Kútọnu. Àmọ́ ìgbì rẹ̀ ń mì ní nǹkan bí ìlọ́po 40,000 ti máíkírówéfù, nítorí náà ògbufọ̀ di dandan. Ògbufọ̀ tí kò gbọdọ̀ gbọ́ ohun tí ó ń túmọ̀, nítorí ẹni tí ó bá yọjú wo ọ̀rọ̀ kúáńtọ́ọ̀mù ti bà á jẹ́, kò sì sí ẹni tí ó lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Ní ISTA, ní ilẹ̀ Ọ́stríà, ikọ̀ Johannes Fink fi òkúta dídán kan, lithium niobate, ṣe ògbufọ̀ ọ̀hún. Ní 2023 wọ́n so máíkírówéfù àti ìmọ́lẹ̀ mọ́ra wọn lọ́nà kúáńtọ́ọ̀mù. Ní 2025 wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ ka ipò ẹ̀rọ tútù kan. Síso ẹ̀rọ inú ìlú méjì pọ̀ ló kù. Lójú tiwa, ọ̀nà jíjìn kọ́ ni ọ̀tá wọn, bí kò ṣe ìmọ́lẹ̀ lésà fúnra rẹ̀: bí ó bá pọ̀, ó ń mú ibi tútù náà gbóná, bí ó bá sì kéré, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ni yóò rékọjá.