Ìgbà Tí Ó Tọ́ Láti Tú Ẹsẹ̀ Píkọ́ọ̀pù Wò

Ó di mímọ̀ fún gbogbo ará Ìgbòho pé iṣu tí ó wà lóko kò tí ì di owó títí yóò fi dé ọjà. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, nígbà tí àwọn Aláàfin fi Ìgbòho ṣe olú-ìlú Ọ̀yọ́, orí ènìyàn ni ó ń ru irè oko wọ ìlú. Lóde òní píkọ́ọ̀pù ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà: ó ń kó iṣu, àgbàdo àti gbágùúdá láti oko, ó sì ń gbé wọn lọ sí Ṣakí tàbí Kíṣí. Ọ̀pọ̀ onímọ́tò ni ó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì dáradára, ṣùgbọ́n tí kò rántí bíárìn inú ẹsẹ̀ ọkọ̀ títí ariwo yóò fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ariwo bá sì bẹ̀rẹ̀, àkókò ìtọ́jú ti kọjá. Ó ku àkókò ìpààrọ̀.

Bíárìn ni àwọn irin róbótó kéékèèké tí a tò sí àárín òrùka irin méjì, kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè máa yí láìjẹ́ pé irin ń ha irin. Ní ọdún 1898, Henry Timken, ẹni tí ń kan kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ní Amẹ́ríkà, àti Reginald Heinzelman gba ìwé-àṣẹ fún irú èyí tí irin inú rẹ̀ tín-ín-rín ní apá kan ju apá kejì lọ. Irú èyí lè ru ẹrù láti òkè, ó sì lè fara da títì láti ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà. Òun ni ó wà ní ẹsẹ̀ iwájú Peugeot 504 àti ti ọ̀pọ̀ Datsun àti Toyota Hilux àtijọ́. Gírísì ni oúnjẹ rẹ̀. Ooru a máa yọ́ gírísì náà, omi a máa bà á jẹ́, eruku ọyẹ́ a sì máa sọ ọ́ di ohun tí ń lọ irin bí ọlọ.

Ìgbà wo ni ó yẹ kí a tú u? Fún ọkọ̀ tí ń rìn lórí ọ̀dà, a sábà máa ń ka nǹkan bí 40,000 sí 50,000 kìlómítà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ń ru ẹrù wúwo lọ́nà oko kò gbọdọ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀. Ìdajì rẹ̀ ti tó. Píkọ́ọ̀pù tí ó ń rin 100 kìlómítà lójúmọ́, tí ó sì ń jáde lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀, yóò ti rìn ju 20,000 lọ kí ọdún tó yí po. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ó tọ́ sí i, àkókò tí ó sì dára jù ni oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí ẹrù iṣu kò sì tí ì pọ̀ lójú ọ̀nà.

Àyàfi kan wà. Bí omi odò bá bo àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀, kí a má ṣe ka kìlómítà mọ́. Bíárìn tí ó ti gbóná lójú ọ̀nà a máa fa omi tútù sínú, omi náà a sì máa dá ìpẹtà sílẹ̀ níbi tí ojú kò rí. Kí a tú u láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Láàárín ọdún, kí onímọ́tò máa ṣọ́ àwọn àmì wọ̀nyí:

Èkíní, ariwo híhun tí ń pọ̀ bí eré ti ń pọ̀. Bí ó bá le sí i nígbà tí ọkọ̀ yà sí òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kí a kọ́kọ́ fura sí, nítorí ibẹ̀ ni ẹrù tẹ̀ sí.

Èkejì, ẹsẹ̀ tí ó gbóná ju àwọn yòókù lọ. Bíréèkì pẹ̀lú lè fa èyí, nítorí náà kí a yẹ méjèèjì wò.

Ẹ̀kẹta, gírísì tí ó ta sí ẹ̀yìn táyà.

Ẹ̀kẹrin, mímì. Kí a fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, kí a fi igi tí ó lágbára tì í, kí a di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí a sì mì í.

Bí mẹkáníìkì bá tú u, kí ó fi kẹrosíìnì fọ gírísì àtijọ́ kúrò, jìnnà sí iná. Bíárìn tí ó ní ihò, ìpẹtà tàbí àwọ̀ aró kò yẹ ní dídá padà. Kí a pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú òrùka rẹ̀. Kí a ti gírísì tuntun tí a ṣe fún ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọ àárín gbogbo irin náà, kì í ṣe kí a kàn fi í pa ara rẹ̀. Kí rọ́bà tí ń dí gírísì náà jẹ́ tuntun. Bí a ti ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, kí a fún nọ́ọ̀tì le, kí a tún dẹ̀ ẹ́, kí a wá fún un bí ìwé ọkọ̀ náà ti wí, kí a sì fi pínnì tuntun dè é. Èyí tí ó le jù yóò jóná. Èyí tí ó dẹ̀ jù yóò máa mì.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà yìí ní bíárìn tí a ti dí pa, tí a kì í tú fi gírísì sí. Àwọn wọ̀nyí kò ní ju kí a máa ṣọ́ wọn, kí a sì pààrọ̀ wọn kíákíá bí àmì bá fara hàn.

Fún ìlera: kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi pẹtiróòlù fọ ọwọ́, nítorí ó ń bó awọ ara, ó sì ń gba awọ wọlé. Òróró díẹ̀ yóò tú gírísì kúrò. Lẹ́yìn náà, ọṣẹ àti omi.

Owó gírísì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu tí ó dà sójú ọ̀nà, àti pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí àwọn tí ó jókòó lórí ẹrù nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá yọ. Bí àgbẹ̀ ti ń kọ ọjọ́ ìgbìn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí onímọ́tò kọ ọjọ́ tí a tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti iye kìlómítà tí ó ti rìn sínú ìwé kékeré, kí ó sì máa fi í sínú ọkọ̀.