Ewé Eéran: Ẹ Má Jẹ́ Kó Run Lóko Yín

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí ewé eéran. Òun ni a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ. Òun náà ni àwọn olóbì ń tẹ́ sínú agbọ̀n kí obì má baà gbẹ.

Ọ̀pọ̀ ló ń ra ewé yìí lọ́jà tí wọn kò rí òdòdó rẹ̀ rí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nídìí rẹ̀, kí ẹ tú ewé gbígbẹ tó bo ilẹ̀. Ibẹ̀ ni òdòdó elésè àlùkò rẹ̀ ń yọ sí, mọ́ ilẹ̀ gan-an. Èyí la fi ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí gbòdògì, nítorí òdòdó ti gbòdògì máa ń yọ lókè, lára ọ̀pá ewé.

Èso rẹ̀ pupa, ó ní igun mẹ́ta. Ohun rírọ̀ kan dì mọ́ kóró dúdú inú rẹ̀, adùn rẹ̀ kì í sì í tètè kúrò lẹ́nu. Dókítà W. F. Daniell, ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa èso yìí ní 1855. Ní 1972, àwọn onímọ̀ yọ ohun tó fún un ládùn sọ́tọ̀, wọ́n pè é ní thaumatin. Bí a bá wọ̀n ọ́n mọ́ ṣúgà, ó dùn jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 2,000.

Abẹ́ igi ńlá ni ewé eéran ti ń ṣe dáadáa, nínú igbó tó tutù, láti Sierra Leone títí dé Kóńgò. Kò fẹ́ oòrùn gangan. Bí a bá gé gbogbo igi lulẹ̀ nítorí ẹ̀gẹ́, ilé tàbí òkúta sìmẹ́ǹtì, ewé náà á kéré, á sì máa dínkù. Ìdí nìyí tí àwọn aláwé fi ń rìn jìnnà kí wọ́n tó rí i já.

Kí ni kí ẹ ṣe?

1. Bí ẹ bá ń ṣán oko tuntun, ẹ dá igi díẹ̀ sí, pàápàá létí odò.

2. Nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí múlẹ̀, ẹ wú gbòǹgbò rẹ̀ tó ní ọ̀mùnú, kí ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kí ẹ sì gbìn ín sábẹ́ obì tàbí kòkó. Kóró rẹ̀ kì í tètè hù.

3. Ọ̀bẹ ni kí ẹ fi gé ewé tó gbó. Ẹ má fà á tu, ẹ sì fi èyí tó ṣì ká sílẹ̀.

Ẹni tó ní obì àti ewé eéran nínú oko kan ṣoṣo, ọjà méjì ló gbé dání. Oko á dára o.