Wòlíì tàbí Àjèjì: Sáyẹ́ǹsì àti Ẹ̀sìn nínú Eré Deep Space Nine

Ayé ọjọ́ iwájú tí Gene Roddenberry, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ nínú eré tẹlifíṣọ̀n Star Trek ní ọdún 1966 jẹ́ ayé tí ọmọ ènìyàn ti fi ọgbọ́n orí àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì borí òṣì, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí ààyè níbẹ̀. Bí ẹ̀dá kan bá pe ara rẹ̀ ní ọlọ́run nínú eré náà, kì í pẹ́ tí àṣírí rẹ̀ fi ń tú. Roddenberry kú ní ọdún 1991. Deep Space Nine, tí Rick Berman àti Michael Piller dá sílẹ̀, tí wọ́n sì fi hàn láti 1993 di 1999, ni ó wá fún onígbàgbọ́ ní àǹfààní láti sọ tẹnu rẹ̀ láìjẹ́ pé a ti kà á sí òpè.

Ìtàn náà dá lórí Bajor, ayé kan tí àwọn ará Cardassia fi ipá jọba lé lórí fún nǹkan bí 50 ọdún, tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ sì ń sin àwọn Wòlíì tí wọ́n gbà pé inú Tẹ́ńpìlì Ọ̀run ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí ọ̀gágun Benjamin Sisko, tí Avery Brooks ṣe ipa rẹ̀, dé ibẹ̀, ó ṣàwárí wormhole kan, ìyẹn ọ̀nà àbùjá inú òfúrufú, tí ó so ibi méjì tí ó fi 70,000 ọdún ìmọ́lẹ̀ jìnnà síra wọn pọ̀. Ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè rìn dé láàárín ọdún kan. Àwọn ẹ̀dá kan ń gbé inú rẹ̀ lóòótọ́. Onísáyẹ́ǹsì pè wọ́n ní àjèjì, ará Bajor pè wọ́n ní Wòlíì, wọ́n sì sọ Sisko, tí kò tọrọ oyè kankan, di Òjíṣẹ́ àwọn Wòlíì.

Àwọn ẹ̀dá náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àná, òní àti ọ̀la, débi pé Sisko ní láti fi eré baseball ṣàlàyé fún wọn bí ènìyàn ṣe ń gbé ayé láìmọ ohun tí yóò tẹ̀lé e. Ibí yìí gan-an ni ọgbọ́n àwọn òǹkọ̀wé náà ti hàn jù lọ. Bí ẹ̀dá kan bá ń rí ọ̀la bí a ti ń rí òní, àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kò tako òfin ìṣẹ̀dá kankan, ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ó ń ròyìn. Síbẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹ mọ́ lára kò jẹ̀bi bí ó bá wólẹ̀. Òótọ́ kan náà ni ìhà méjèèjì rí, irú ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí i ni wọ́n ń jà lé lórí.

Ní 1993, nínú ìpín tí a pè ní In the Hands of the Prophets, ìjà náà wọ ilé ẹ̀kọ́. Keiko O'Brien ń kọ́ àwọn ọmọdé nípa wormhole láìdárúkọ Wòlíì, àlùfáà Winn Adami sì ní ọ̀rọ̀ òdì ni. Nígbà tí olùkọ́ náà kọ̀ láti yí ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà, àwọn òbí kó ọmọ wọn lọ, bọ́ǹbù sì ba kíláàsì náà jẹ́. Òǹwòran ní Amẹ́ríkà yóò rántí John Scopes, olùkọ́ tí wọ́n gbé lọ sí kóòtù ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní 1925 nítorí pé ó kọ́ni pé inú ẹ̀dá mìíràn ni ènìyàn ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí Jake, ọmọ Sisko, fojú òpè wo àwọn ará Bajor, bàbá rẹ̀ tọ́ ọ sọ́nà pé ìgbàgbọ́ yìí ni wọ́n fi la ìgbèkùn já, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní kí Keiko pa ẹnu mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni a mọ̀ pé Winn fi gbogbo rògbòdìyàn náà ṣe ìdẹkùn fún Bareil, àlùfáà tí wọ́n jọ ń du ipò olórí ẹ̀sìn.

Ó dunni pé àwọn ọdún ìkẹyìn kò pa ìjìnlẹ̀ yìí mọ́, nítorí wọ́n mú àwọn ẹ̀mí búburú tí à ń pè ní Pah-wraith wọlé, ọ̀rọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà rere àti ibi lásán. Síbẹ̀, ìpín The Reckoning ti 1998 ṣì lágbára. Wòlíì kan gùn Kira Nerys, ará Bajor tí ó jẹ́ igbákejì Sisko, ẹ̀mí búburú gùn Jake, àwọn méjèèjì sì kojú ara wọn. Sisko, ọ̀gágun onísáyẹ́ǹsì, fi ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ lé àwọn Wòlíì lọ́wọ́, Winn, tí ó ti di olórí ẹ̀sìn nígbà náà, ni ó sì tan ẹ̀rọ ìtànṣán tí ó lé àwọn ẹ̀mí náà jáde kí ìjà tó parí. Kira sọ ọ́ sí Winn lójú pé ara Winn ni kò gbà á pé ìgbàgbọ́ Òjíṣẹ́ lágbára ju tirẹ̀ lọ.