Ìkíni Lẹ́nu Ọ̀nà Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá wọ ilé Yorùbá yóò kọ́kọ́ gbọ́ "Ẹ káàbọ̀" kí a tó bu omi fún un mu. Bí ọ̀rọ̀ kan bá sì wà tí àlejò gbọ́dọ̀ mọ̀, bóyá kànga ti gbẹ, tàbí ajá ilé a máa géni jẹ, ẹnu ọ̀nà náà ni a ó ti sọ fún un. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyí fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí mo ti rí ibi tí àìmọ̀ rẹ̀ ti ṣe jàǹbá.

Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, ìkíni pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni èyí tó ń jáde kí ènìyàn tó wọlé. Inú fáìlì /etc/issue ni a ń kọ ọ́ sí fún ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀rọ gan-an. Fún ẹni tó ń ti òkèèrè wọlé nípasẹ̀ SSH, ìlà Banner nínú fáìlì sshd_config ni yóò tọ́ka sí fáìlì tí ọ̀rọ̀ náà wà. Èkejì ni èyí tó ń jáde lẹ́yìn tí a bá ti gba ọ̀rọ̀ àṣírí oníṣẹ́ wọlé. Inú /etc/motd ni èyí ń gbé. Lórí Debian àti Ubuntu, àwọn ètò kéékèèké tún wà nínú /etc/update-motd.d. Nọ́ńbà ló ṣáájú orúkọ wọn, bí nọ́ńbà náà bá sì ṣe tẹ̀ lé ara wọn ni wọn yóò ṣe máa sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ìkíni èkejì yìí lè dá fáìlì òfìfo kan tó ń jẹ́ .hushlogin sínú àyè tirẹ̀.

Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ṣe pàtàkì. Olóótọ́ àti olè ni yóò ka ti èkíní, nítorí náà ìkìlọ̀ nìkan ló yẹ ibẹ̀. Kò yẹ kí a kọ irú ẹ̀rọ tí a ń lò àti ẹ̀yà rẹ̀ sí i. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo alábòójútó mọ̀. CTSS, tí wọ́n kọ́kọ́ fi han ènìyàn ní MIT ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1961, wà lára àwọn ètò àkọ́kọ́ tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ lo kọ̀ǹpútà kan náà. Ní ọjọ́ kan láàárín ẹ̀wádún náà, ẹni kan ń tún fáìlì ìkíni ṣe, ẹlòmíràn sì ń tún fáìlì ọ̀rọ̀ àṣírí ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ kan ṣoṣo ni ètò ìkọ̀wé wọn ń fún fáìlì ìgbà díẹ̀, ẹni yòówù tí ì báà máa lò ó. Báyìí ni èkejì ṣe gba ipò èkíní. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, ọ̀rọ̀ àṣírí gbogbo ènìyàn ni kọ̀ǹpútà fi ń kí i! Fernando Corbató, aṣáájú àwọn tó ṣe ètò náà, ló sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ tó sọ nígbà tó gba ẹ̀bùn Turing ti ọdún 1990.

Èmi náà ti rí tèmi. Nígbà tí mò ń kọ àpilẹ̀kọ àṣegboyè mi, alábòójútó kọ̀ǹpútà tí a jọ ń lò kọ ọ́ sínú ìkíni pé òun yóò nu àwọn fáìlì kan kúrò ní ọjọ́ Ẹtì. Ìlà kan péré ni, ó sì há sí àárín bí ogójì ìlà àwòrán àti àwàdà tí ojú wa ti mọ́ tipẹ́. Nígbà tí mo wọlé ní ọjọ́ Ajé, orí kẹta iṣẹ́ mi ti lọ. Mo bínú, ó ní òun kìlọ̀. Òótọ́ ni, ó kìlọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́?

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ìkíni kúrú. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì pa á rẹ́ bí ọjọ́ náà bá ti kọjá. Bí ẹ bá sì fẹ́ kọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ fi UTF-8 pa á mọ́, kí àmì ohùn má baà dàrú. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.