Ta Ló Ń Ya Èkó ní Fíìmù?

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1903, àwọn ará Èkó wọ Glover Memorial Hall láti wo ohun tí ojú wọn kò rí rí: àwòrán tó ń rìn. Herbert Macaulay ló pe ilé iṣẹ́ Balboa wá láti ilẹ̀ Sípéènì. Àwọn òyìnbó ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n gbé wá, àmọ́ nígbà tí fíìmù ìrìnàjò Aláké Gbádébọ̀ sí ìlú òyìnbó lọ́dún 1904 dé, èrò wọ́ tìrítìrí. Ẹni tiwọn ni wọ́n fẹ́ rí.

Ká rí ẹni tiwa lójú fíìmù dára, ṣùgbọ́n ẹni tó di kámẹ́rà mú ló ń pinnu ohun tí a máa rí. Lọ́dún 1937, William Sellers, òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba amúnisìn, ya fíìmù nípa bí wọ́n ṣe gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn eku tó bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 1924. Iṣẹ́ ìjọba ló fi hàn. Àrùn yìí kan náà ló fa ìdásílẹ̀ ìgbìmọ̀ àtúnṣe ìlú Èkó, LEDB (Lagos Executive Development Board), lọ́dún 1928, ìgbìmọ̀ tó padà wó ọ̀pọ̀ ilé lulẹ̀ ní Erékùṣù Èkó. Ohun tí àwọn ará ìlú ní lọ́kàn kò sí nínú fíìmù Sellers.

Nǹkan ti ń yí padà. Láti ọdún 2011 ni àjọ̀dún iREP ti ń fi fíìmù tó dá lórí ìṣẹ̀lẹ̀ gidi hàn ní Freedom Park, níbi tí ẹ̀wọ̀n Broad Street wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ti Macaulay mọ́ nígbà kan. Àwọn ọmọ Áfíríkà ló ń sọ ìtàn ara wọn níbẹ̀.

Fíìmù kúkúrú ló rọrùn jù fún irú iṣẹ́ yìí. A lè fi fóònù yà á, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹ wo Ẹ̀yọ̀: aṣọ funfun ni àlejò máa ń rí. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ní tirẹ̀ á wo àwọ̀ akẹtẹ̀, á sì mọ ìgà (ilé olóyè) tí Ẹ̀yọ̀ náà ti jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó láti jẹ́ kí àgbà kan ṣàlàyé èyí lédè Yorùbá.

Wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀ níbòmíì. Ní Kánádà, ètò Wapikoni Mobile ti ń gbé ohun èlò fíìmù lọ bá àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ìbílẹ̀ láti ọdún 2004, kí wọ́n lè ya fíìmù kúkúrú tiwọn.

Yíyà nìkan kò tó. Shaihu Umar, fíìmù Hausa tí Adamu Halilu ṣe lọ́dún 1976, sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó rí i, tí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n sì fi hàn ní Berlin lọ́dún 2018. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwọn ilé ìkàwé ìjọba dá sí ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo èèyàn ló lè wọ ibẹ̀, iṣẹ́ wọn sì ni láti tọ́jú àkọsílẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ lè rí i. Kí wọ́n máa fi fíìmù àwọn ọmọ àdúgbò hàn, kí wọ́n gba ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan pa mọ́, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó yà á àti ẹni tó sọ̀rọ̀ sí i lára.